Ẹja Tó Kú Nílé Oníbàárà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú, ní Àgbàdo-Èkìtì

  

Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá mi rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ pọnmi ní odò kékeré tó ń ṣàn lẹ́yìn oko kòkó wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, ìwọ̀nba tó kù wà nínú àwọn kòtò abẹ́ àpáta. Nígbà tí a débẹ̀, ojú omi funfun. Ikùn ẹja ni. Ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, àkàn, ọ̀pọ̀lọ́, ejò omi kan tó ká bí okùn, gbogbo wọn léfòó. A hó yèè. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja sínú korobá. Nígbà tí a gbé e délé, ìyá mi bu omi inú korobá náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Òórùn oògùn tí bàbá mi ń fọ́n sí kòkó ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi tó wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé kò sí àrọ̀ ńlá kankan nínú ohun tí ẹ kó wá? Wọ́n ti kó o lọ sọ́jà." Ohun tí àwa rí ni ohun tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Èyí tó lówó lórí ti wà nínú agbọ̀n ẹnì kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti wọ ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa odò wa.

Àwọn tó pè mí wá fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà búburú tí wọ́n ń gbà kó ẹja inú òkun fún àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan Àgbàdo nínú ọ̀rọ̀ òkun. Láti ibi tí a jókòó sí yìí, ọ̀nà jìn kí ènìyàn tó fojú kan òkun. Ṣùgbọ́n oró tí wọ́n ń fún sínú òkun lọ́hùn-ún àti oró tí ìyá mi bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ipa ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iyùn bẹ̀rẹ̀, torí pé iyùn kò jìnnà sí wa. Iyùn pupa tó ń dán lọ́rùn àwọn ọba wa, òkun Mẹditaréníà ló ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa láti ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkúta ni. Kì í ṣe òkúta. Ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké ló kọ́ ọ, bí ikán ṣe ń fi ẹnu mọ ilé rẹ̀ sókè. Àwọn ìbátan iyùn yẹn, tí wọ́n ń gbé nínú òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí oòrùn sì ń wọ̀ dé ìsàlẹ̀, máa ń kọ́ ilé lórí ilé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún títí yóò fi di òkìtì tó gùn bí ìlú sí ìlú. Inú òkìtì iyùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹja aláràbarà ń gbé: èyí tó ní ìlà funfun lórí pupa, èyí tó ní àwọ̀ aró pẹ̀lú ìrù òféèfèé, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ. Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa, kò sí òkìtì iyùn gidi. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò ńlá ń kó wá ń ṣú omi, omi tútù sì ń tú láti ìsàlẹ̀ ní àwọn ibì kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹja iyùn, ìhà Éṣíà ló ń wò, pàápàá Fílípìnì àti Indonéṣíà.

Ta ló ń fẹ́ ẹ? Àwọn tó ń gbé àpótí gíláàsì sí pálọ̀, sí ilé ìtura, sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ìwádìí kan tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde ní 2003 ṣírò rẹ̀ pé ẹja òkun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ yìí lọ́dún kan jẹ́ mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 24, oríṣi tó lé ní 1,400. Ẹja ọ̀ṣọ́ inú omi odò, inú adágún ni wọ́n ti ń sin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, bí a ṣe ń sin àrọ̀. Ti òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun gan-an ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú un ni mo fẹ́ fi àsìkò sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Fílípìnì ti ń fi sáyánáìdì mú ẹja ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ wúrà ni wọ́n ṣe sáyánáìdì fún: àwọn tó ń fi wúrà bo irin ń lò ó, àwọn tó ń yọ wúrà lára òkúta ń lò ó. Apẹja á fọ́ hóró kan tàbí méjì sínú omi òkun nínú ike tó ṣeé tẹ̀ kí omi tú jáde, bí ike tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ olómi, á sì wọnú omi lọ. Ẹja ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Bó bá rí òjìji ènìyàn, á sá wọ ihò iyùn. Apẹja á ki ẹnu ike bọ ihò náà, á fún un. Omi á funfun bí omi ògì. Kò ní í pẹ́ tí ẹja á máa ta gìrì, á máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, apẹja á sì fi ọwọ́ kó o. Bí ẹja bá ti jìn jù sínú ihò, irin ni wọ́n fi ń fọ́ iyùn náà kí ọwọ́ lè tó o.

Sáyánáìdì kì í dí ẹja nímú. Ẹja ń mí, afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lè lo afẹ́fẹ́ náà mọ́. Ó dà bí ilé tí oúnjẹ kún inú rẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè la ẹnu. Èyí tó gba oró púpọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹja kéékèèké tí kò sí nínú iṣẹ́ náà rárá á kú, edé á kú. Ẹ̀dá tó ń kọ́ iyùn náà á sì pa àwọ̀ dà di funfun gbòò, torí pé àwọn ewédò tíntìntín tó ń gbé nínú ara rẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ, ti jáde kúrò. Nítorí ẹja kan, wọ́n pa ilé tí ẹja mìíràn ì bá gbé.

Èyí tó gba oró níwọ̀nba ló máa ń jí. Bí wọ́n bá jù ú sínú omi mímọ́, á ta ìrù, á wẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á tún dán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á fún alágbàtà, tí alágbàtà ń tà á fún ẹni tó ń kó ẹja lọ sókè òkun. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi díẹ̀ àti afẹ́fẹ́, ó di inú ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti wà ní pálọ̀ ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ọmọ ilé náà á jí láàárọ̀, á rí ẹja rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Baba rẹ̀ á rò pé àwọn ni kò mọ ẹja sìn. Á tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, á sì tún lọ ra òmíràn.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí yìí. Ikú ẹja kan ń di ìdí tí wọ́n fi ń ta ẹja kejì. Gbogbo ẹni tí ẹja náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló ti gba owó kí ikú tó yọjú. Apẹja ti gba tirẹ̀, alágbàtà ti gba tirẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ti gba tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti gba tirẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn nìkan ni ikú bá nílé, kò sì ní ẹlẹ́rìí kankan. Ọjà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò sí ohun tó máa mú un tọ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìyà kì í jẹ ẹni tó ṣẹ̀.

Ìjọba Fílípìnì kò ká ọwọ́ gbera. Òfin tí wọ́n ń pè ní Decree 704 ti 1975 ka fífi oró pẹja léèwọ̀, wọ́n sì tún òfin ẹja wọn ṣe ní 1998. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n dá ibi àyẹ̀wò sílẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹ ẹja wò bóyá sáyánáìdì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n erékùṣù tó wà ní Fílípìnì lé ní 7,000. Ọlọ́pàá mélòó ló máa kárí rẹ̀? Ara ẹja tó yè sì máa ń yọ sáyánáìdì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn títí di òní lórí bí àyẹ̀wò ṣe lè mú un lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí kó máa bú apẹja náà. Owó kékeré ni wọ́n ń fún un lórí ẹja kan. Lọ́pọ̀ ibi, alágbàtà ló ń yá a lówó epo ọkọ̀ ojú omi, òun náà ló ń gbé sáyánáìdì fún un láwìn, ó sì di dandan kó ta ẹja fún alágbàtà yìí nìkan, ní iye tí alágbàtà bá pè. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀fà. Lábẹ́ omi, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà, ó kàn fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ọn ni. Bó bá pẹ́ nísàlẹ̀ tó sì gòkè kíákíá, afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn kan rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn kan kú.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe gàrí, ẹ̀yin mọ sáyánáìdì ju èmi lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ kò mọ̀. Ohun tó korò nínú ẹ̀gẹ́, tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, òun ni. Bí ọ̀bẹ bá ti kan ẹ̀gẹ́ tàbí tí ìrin bá rin ín ni oró náà ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rin ín, tí ẹ ń dì í sápò, tí ẹ ń fi ẹ̀rọ fún un fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó yan án lórí iná. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ti ẹ̀gẹ́ tó rí ọ̀nà yẹn, ọlọ́gbọ́n ni. Ó mọ̀ pé oró wà níbẹ̀, ó sì wá ọ̀nà tí kò fi ní í dé ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi tó ń ro jáde lára àpò ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ẹ wo ilẹ̀ ibi ìfúngàrí tó wà nítòsí yín. Koríko kì í hù níbi tí omi náà ń gbà kọjá. Bí ó bá rí odò bá, ẹja á kú, a ò sì ní mọ̀ pé àwa la pa á. Kòtò tó jìn, tó jìnnà sí odò, ni omi ẹ̀gẹ́ yẹ kó wọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ọ̀dọ́kùnrin méjì ni. Ohun tó rọrùn jù nìyí nínú gbogbo ohun tí mo wá sọ, ó sì ń dùn mí pé a kò tíì ṣe é.

Wàyí o, Gamalin, oògùn tí bàbá mi ń fọ́n sí kòkó. Ogún tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, Gamalin 20, ń sọ iye oró tó wà nínú rẹ̀: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ lindane. Ìjọba kò kó o wá nítorí ẹja. Kòkòrò tó ń fa omi ara èso kòkó mu ni wọ́n kó o wá fún, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ pé ó pa kòkòrò. Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa nílé-ìwé, èmi gan-an wà nínú wọn. Ẹ wá wò ó bí ó ṣe jọ ti Fílípìnì. Sáyánáìdì, irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni. Gamalin, irinṣẹ́ olóko kòkó ni. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún ẹja nínú méjèèjì. Ohun tó sọ ọ́ di ohun ìpẹja ni pé ó wà nítòsí, kò wọ́n púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Lindane kì í tètè tán. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Èyí tó wọ inú ọ̀rá àrọ̀ á wọ inú ọ̀rá ẹni tó jẹ àrọ̀, á sì máa gbé níbẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn oró tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Nígbà tí òun ń kúrò lọ́jà, àwọn mìíràn ti rọ́pò rẹ̀: oògùn ewébẹ̀, oògùn koríko, oògùn kòkòrò inú ilé. Ní 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, pàṣẹ pé kí wọ́n má ta ìgò kékeré oògùn dichlorvos ní ọjà gbangba mọ́. Nítorí àwọn tó ń gbé e mu ni àṣẹ yẹn fi jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibòmíràn tí ìgò kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa pé àwọn bàbá wa kò da oró sódò rí. Wọ́n dà á. Èèpo igbá tí wọ́n ti yọ irú kúrò nínú rẹ̀ ń pa ẹja. Èso àìdan ń pa ẹja. Ewé kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tephrosia vogelii, wọ́n ń gún un, wọ́n ń dà á sínú kòtò omi, ẹja á sì máa fò sókè wá afẹ́fẹ́. Oró inú ewé yẹn ń pa iṣẹ́ afẹ́fẹ́ run nínú ara ẹja, bí ti sáyánáìdì. Oòrùn máa ń tú u ká láàárín ọjọ́ díẹ̀, lindane kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan sì ni wọ́n ń ṣe é, gbogbo ìlú á wà níbẹ̀, àwọn tó dà á ló ń jẹ ẹja náà. Síbẹ̀, n kò ní í gbè é lẹ́sẹ̀. Ó pa èyí tó tóbi, ó pa èyí tó kéré, ó pa ẹyin. Nígbà tí ènìyàn ṣì kéré níye tí odò sì pọ̀, ojú omi lè san án padà. Ayé yẹn ti lọ.

Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó ń da oró kì í jẹ ẹja náà mọ́. Òru ló ń wá. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ, ìyẹn ni. Ìgèrè, ẹni tó dẹ ẹ́ ń padà wá wò ó. Ìwọ̀ àti àwọ̀n, ọwọ́ ẹni tó jù ú ló ń dúró dè é. Oró nìkan ni ohun ìpẹja tí ẹni tó lò ó lè kọ ẹ̀yìn sí tí kò sì ní í mọ ibi tó parí sí.

Òfin orílẹ̀-èdè wa kò dákẹ́. Òfin ẹja òkun àti òfin ẹja odò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ka fífi oró tàbí àdó olóró pẹja léèwọ̀. Ní 2002, òfin Ghana náà kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọlọ́pàá tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí odò kékeré rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹja kan fún yín, torí pé ọmọ àdúgbò wa ni. Nínú àwọn odò kéékèèké Nàìjíríà, títí kan agbègbè Àkúrẹ́ tí kò jìnnà sí Èkìtì, ẹja kan wà tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù àti òféèfèé, tóótòòtóó pupa sì kún ara rẹ̀. Ní 1911 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Boulenger, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, fún un ní orúkọ gardneri. Àwọn tó ń sin ẹja lókè òkun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń fi orúkọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú ìran ẹja kọ̀ọ̀kan pè é. Bí ẹ bá wọ ilé ẹnì kan ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà tó ń sin irú ẹja yìí, ẹ lè rí ìwé pélébé lára àpótí gíláàsì kan. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni gardneri Akure. Ẹyin rẹ̀ lè dúró nínú ilẹ̀ tó rin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìkú, nítorí náà wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn nínú lẹ́tà. Àwọn ará Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún irú ẹja yìí ní 1961, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Láti ìgbà pípẹ́ ni ẹja Àkúrẹ́ ti ń bímọ lójú wọn, tí ọmọ ń bí ọmọ, tí kò sì sí ìdí láti tún wá gbọ́n odò wa nítorí rẹ̀.

Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹja tó ń jẹ́ orúkọ Àkúrẹ́ á máa wẹ̀ nínú gíláàsì ní Jámánì nígbà tí odò tó bí i ti dákẹ́.

Ẹlòmíràn á wá sọ pé ó yá, kí wọ́n máa sin gbogbo ẹja òkun nínú ilé, kí gbogbo ènìyàn fi òkun sílẹ̀. Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń bí ẹja onílà funfun inú òkun fún títà ní Amẹ́ríkà. Èyí tó ní àwọ̀ aró le láti sìn jù ú lọ, ó di 2016 kí àwọn onímọ̀ ní Florida tó lè tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà nínú ilé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n mo ní iyèméjì kan. Bí gbogbo ẹja bá ti Florida wá, kí ni apẹja Fílípìnì á jẹ? Kí ló sì máa mú un ṣọ́ òkìtì iyùn tí kò mú owó wọlé fún un mọ́?

Ní Barcelos, ìlú kan létí odò Rio Negro ní Brazil, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn. Ẹja pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń rà. Láti 1989 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Project Piaba ti ń bá àwọn apẹja ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á rọra fi àjẹ̀ da ẹja sínú àwọ̀n náà. Nítorí pé inú igbó tí omi ń bò lọ́dọọdún ni ẹja yìí ń gbé, ẹni tó ń jẹun lórí ẹja kò ní í fẹ́ kí wọ́n gé igbó náà. Ní Fílípìnì pẹ̀lú, láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ àwọn apẹja ní bí wọ́n ṣe lè fi àwọ̀n mú ẹja iyùn. Ó pẹ́ ju oró lọ. Ẹja tí wọ́n fi àwọ̀n mú kì í kú ní pálọ̀ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ yẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin náà mọ ìyókù òwe náà.

Nàìjíríà náà ń kó ẹja ọ̀ṣọ́ lọ sókè òkun, láti inú odò àti ẹrọ̀fọ̀ apá gúúsù, tí ó ń gba pápá ọkọ̀ òfuurufú Èkó kọjá. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Èkìtì, n kò ní í dá a dúró. Ohun tí màá bi í ni pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ sódò.

Kábíyèsí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ní Òṣogbo, a kò gbọ́dọ̀ pa ẹja inú odò Ọ̀ṣun nínú igbó mímọ́ tó wà níbẹ̀. Èèwọ̀ yẹn ti wà kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ọ. Mi ò sọ pé kí a sọ gbogbo odò Àgbàdo di òrìṣà, ìjọ tí mò ń lọ pàápàá kò ní í gbà fún mi. Ṣùgbọ́n bí ààfin bá ya abala odò kan sọ́tọ̀, tí wọ́n sì kéde pé ẹja ibẹ̀ kò ṣeé mú fún ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ wa á gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ìjọba lọ.

Ẹ̀yin tó ń ta oògùn oko, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní ọmọ tí ẹ ń tọ́. Ẹni tó bá wá ra oògùn kòkó lóṣù tí kò sí ẹni tó ń fọ́n kòkó, ẹ bi í léèrè oko rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́bẹ̀, ẹ̀yin ni mo gbójú lé jù. Kò sí àmì tí ojú lè fi mọ ẹja tó jẹ oró, kò sí òórùn tó dájú lára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án. Ẹnu nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, ẹnu tó bá béèrè. Kí ẹ tó na owó ìyá ẹlẹ́ja, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ pé, "Ìyá, ta ló mú ẹja yìí, kí ló fi mú un?" Ó lè bínú lọ́jọ́ kìíní. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá bi í láàárín ọjà kan, òun náà á bi ẹni tó tà á fún un. Baba ọmọ tí ẹja rẹ̀ kú ní Amẹ́ríkà kò ní irú àǹfààní yìí, nítorí ọwọ́ mẹ́fà, ọwọ́ méje ló wà láàárín òun àti òkun. Láàárín yín àti odò, ọwọ́ kan tàbí méjì ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo ti bá àwọn olùkọ́ yín sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méje òwúrọ̀, a ó pàdé níwájú ààfin, a ó jọ rìn lọ sí odò tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú asẹ́ ìyá rẹ̀ dání, kó tọrọ rẹ̀ kó tó mú un. A ó rọra gbọ́n ibi tí omi ti fà, a ó ka ohun tó bá wà láàyè níbẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sómi. Ẹni tó bá rí ẹja kékeré tó ní tóótòòtóó pupa lára kó pè mí.